Ọkọ̀ Ojú Irin inú Ìwé

Ọdún tí gbogbo Ṣábẹ̀ ka ìwé kan ṣoṣo,
ogójì ẹ̀dà ló dé nínú páálí ọṣẹ,
a ò tíì tú okùn rẹ̀ tán tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀.
Mùsé Ṣabí ní kí a pín in ládùúgbò-ládùúgbò,
ọ̀sẹ̀ kan ní ẹ̀bá ibùdókọ̀, ọ̀sẹ̀ kan ní ẹsẹ̀ òkè,
kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n,
kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sì bi í léèrè
títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi gbẹ.

Ìwé ará Amẹ́ríkà ni, ìwé àtijọ́.
Wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé; àwa tún fi ẹnu túmọ̀ rẹ̀
sí Yorùbá ilé wa, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì.
Ìlú kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, tó ń gbin òwú,
àti ọmọbìnrin kan tó ń lọ sí ojú irin ní ìrọ̀lẹ́
láti dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
Ṣé ìyẹn nílò àlàyé ní Ṣábẹ̀?
Ìyá Delifínì béèrè pé, "Èló ni wọ́n ń ra kílò òwú wọn?"
Kò sẹ́ni tó rí i nínú ìwé.
Ó ní ẹni tó kọ ọ́ kò dá oko rí.

Èmi ni mo ka ti ilé wa fún bàbá mi.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbé àsíá ní ibùdókọ̀,
pupa lọ́wọ́ kan, àwọ̀ ewé lọ́wọ́ kejì,
kí ojú rẹ̀ tó ṣókùnkùn,
kí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ tó dákẹ́.
Báyìí koríko ti bo irin,
àwọn obìnrin ń sá láfún
sórí síméńtì tí èrò ti ń dúró.

Bàbá jókòó, ọwọ́ lórí orúnkún, ó ń gbọ́ bí adájọ́.
Mo kà pé ọkọ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó wọ ìlú.
"Irọ́ ni! Ẹ̀ẹ̀mejì ni.
Ọ̀kan kó tó dé afárá, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀.
Kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀."
Mo mú pẹ́ńsùlù, mo kọ ọ́: ẹ̀ẹ̀mejì.
Mo kà pé èéfín bo ọmọ náà lójú.
Ó mi orí. "Ìyẹn ò parọ́."

Lọ́jọ́ ọjà, onísẹ́míjàn méjì ń bá ara wọn jà
lórí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà:
ọ̀kan ní olè ni, èkejì ní gbèsè ló lé e nílé.
Èrò tó wà lẹ́yìn ọ̀kan pariwo pé,
"Ẹ gbé mi lọ ná, mi ò tíì ka ibẹ̀!"

Alẹ́ tí a kà á tán, òjò ń ṣú.
Ọmọ náà ti dàgbà, ó wọ bàtà ìyá rẹ̀.
Ọkọ̀ yọ lókèèrè, iná rẹ̀ tàn,
kò dúró.
Ó kọjá.
Mo pa ìwé dé. Bàbá ò sọ nǹkan kan,
mo rò pé ó ti sùn.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló gbé àsíá lọ́jọ́ náà?"
Mo ní ìwé kò dárúkọ rẹ̀.
"Kò dárúkọ rẹ̀." Ó tún un sọ
bí ẹni tó ń ka owó tí kò pé.
"Awakọ̀ kì í ṣàdédé dúró. Ẹnì kan ní láti gbé pupa sókè.
Mo ṣe é rí, nítorí aboyún kan tó ń sáré bọ̀.
Wọ́n gé owó oṣù mi."
Ó na ọwọ́, ó ń wá ìwé náà kiri lórí ẹsẹ̀ mi.
"Padà síbi tí iná ti yọ. Rọra kà á.
Tí o bá ti dé afárá,
sọ fún mi."