Ìwọ̀n Àwẹ̀ró

Bí Iléyá bá ti ku oṣù kan
ni mo máa ń na téèpù sára ìyá mi
nínú ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókè-Fìà.
Ìwé ìwọ̀n mi kì í purọ́:
apá, mẹ́rìnlá; àyà, ogójì; ìdí, mẹ́rìnlélógójì.
Àwẹ̀ró onírú nìyẹn,
tí í dá gbé ìkòkò kaná
tí kì í pe ẹnikẹ́ni kó wá bá òun dì í mú.

Ogójì ọdún ló fi se irú n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Irú kì í jinná lọ́jọ́ kan;
iná àná ni yóò jí bá,
igi tútù nígbà òjò, igi gbígbẹ nígbà ọyẹ́.
Ó ń fẹ́ iná, èéfín ń fẹ́ ẹ.
Òórùn irú mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀
tí a ò fi gbọ́ ti èéfín.

Ọdún kẹta rè é tí ìwé mi kọ́kọ́ bá mi jà.
Apá, mọ́kànlá. Ìdí, méjìdínlógójì.
Àyà nìkan ni kò dín,
ó tún fi ínǹṣì kan lé.
Mo tún téèpù nà, mo ní bóyá ọwọ́ mi ló gbọ̀n.
Ta ní ń rù tí igbá àyà rẹ̀ ń wú?
Ará ilé ti ní ìdáhùn tiwọn:
ìrònú ni; àgbà ló dé; ẹ bi í bóyá ẹnì kan ṣẹ̀ ẹ́.
Mọ́rúfù àbúrò mi ní Màámi ò jẹun ni,
ó ra mílíìkì alágolo odidi páálí kan.

Dókítà obìnrin kan l'Ásùbíàrò ló jókòó tì wá.
Kò kánjú. Ó gbọ́wọ́ lé itan Màámi, ó ní:
"Ẹ̀dọ̀fóró yìí ti dẹ̀ bíi rọ́bà ìdí ṣòkòtò àtijọ́;
atẹ́gùn wọlé, kò mọ ọ̀nà àtijáde.
Èémí tí èmi àti ẹ̀yin ń mí lọ́fẹ̀ẹ́,
iṣẹ́ ni ìyá ń ṣe kí wọ́n tó rí i mí,
tọ̀sán tòru, bí ẹni ń gúnyán lójú oorun.
Ara ń wá igi tí yóò fi dá iná náà.
Oúnjẹ ò tó o.
Ó kó itan síná. Ó kó apá tẹ̀ lé e."

Mo wo Màámi. Màámi ń wo fèrèsé.
Nígbà tó yá ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́.
Ó ní, "Mo fi ààrò sílẹ̀,
ààrò tẹ̀ lé mi wálé."

Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹun báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́,
torí ikùn tó bá yó a máa ti àyà sókè.
Irú ọmọge kan ládùúgbò la ń rà;
á tọ́ ọ wò, á ní kò jinná.
Oògùn tó tú àyà rẹ̀ lóṣù Ẹrẹ́nà
ló gbé ṣúgà rẹ̀ sókè; a sọ ọ̀kan, a gbé èkejì.
Lálaalẹ́ ni Mọ́rúfù ń mú un rìn dé géètì,
ogún ìṣísẹ̀, kó dúró, ogún mìíràn:
itan tó bá jókòó lásán, wọ́n ní òun ni ara ń kọ́kọ́ pa jẹ.

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Léèsì aláwọ̀ ewé ló fẹ́.
Apá, mẹ́wàá.
Bírò ni mo fi kọ gbogbo ìyókù;
pẹ́ńsù ni mo fi kọ èyí.
Ó ní, "Rán an kó bá mi mu.
N ò fẹ́ dà bí igi tí wọ́n sáṣọ lé."
Mo ní mo ti gbọ́.
Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́, n ò gé e sọnù.
Mo ká a sínú, mo fi òwú tó rọrùn láti tú rán an,
ínǹṣì méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì.

Nígbà tó wọ̀ ọ́ wò, ọwọ́ rẹ̀ bà á.
Ó mọ̀. Kò sọ nǹkan kan.
Ó mí sínú, ó sún ètè jọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ,
bí ẹni tún fẹ́ fẹ́ná,
ó rọra fẹ́ ẹ jáde.