Ẹ̀wù Ìkómọ Lára Fọ́ọ̀mù Òkú

Ní mẹ́rì Kétu, yàrá kejì lápá òsì,
níbi tí fáànù ti ń yí bí ẹni tí kò rí owó oṣù gbà,
èmi ni mò ń rán ẹ̀wù fún fọ́ọ̀mù.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àpótí tí ẹ ń kọ orúkọ sí
kì í dédé rí bẹ́ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà.
Ẹnì kan ló ní kí àkọlé dúró lókè,
kí àpótí jókòó nísàlẹ̀,
kí àṣìṣe pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún.

Ẹ̀wù tó bá a wá láti òkè òkun fún àwọn ọmọ wa lọ́rùn:
orúkọ bàbá kan, orúkọ ọmọ kan, ó parí.
Níbo ni Àìná yóò jókòó sí,
ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé?

Mo mú abẹ́rẹ́. Mo la àyè mẹ́ta sí i,
mo fi òdòdó sí i létí,
mo kọ "Ẹ kú ewu ọmọ" sókè gàdàgbà.
Mo so ó mọ́ gbòǹgbò. N kò rántí
pé gbòǹgbò kan náà ló ń bọ́ gbogbo ẹ̀ka.

Lọ́jọ́ Ajé, Akíbọdé wọlé, eruku Ìlárá lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
ó wá kọ ikú ìyá rẹ̀ sílẹ̀.
Mo ṣí ojú-ewé fún un.
Òdòdó. Òdòdó. "Ẹ kú ewu ọmọ."
Ó wò ó títí. Ó ní, "Ọmọ wo?"

Ilẹ̀ ìbá lanu, ǹ bá kó sí i.

Fírmẹ́ẹ̀nì lọ bu omi wá.
Mo já ẹ̀wù náà kúrò ní gbòǹgbò, ọwọ́ mi ń gbọ̀n,
mo wọ̀ ọ́ sí fọ́ọ̀mù ìbí lọ́rùn,
mo kọ "èyí nìkan" sí i,
kó má tún yọjú sílé ọ̀fọ̀.

Fọ́ọ̀mù òkú padà di funfun.
A kọ orúkọ, ọjọ́, àdúgbò.
Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ pátápátá,
àpótí kan wà níbẹ̀ tí n kò gbé sípò kankan.
Ohun tí a bá gbàgbé, ẹ̀rọ a kó o jọ,
a dà á sídìí ojú-ewé,
láìní òdòdó, láìní ìlà:
Oríkì.

Akíbọdé fa àga mọ́ tábìlì.
"Àwẹ̀ró," ó ní. Ó tún un pè, jẹ́jẹ́,
bí ẹni tí ń jí ènìyàn tí kò fẹ́ kó ta gìrì.

Fírmẹ́ẹ̀nì ní kí n gbé àpótí náà lọ sókè,
kí n rán nǹkan sí i lára.
Mo ní kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.