Àtẹ́lẹwọ́

Aago méjì ọ̀sán ni ìwé ìròyìn ń dé Kábà,
eruku sìmẹ́ńtì Ọbájánà lára rẹ̀ bí àtíkè.
N kò lówó rírà; owó kíkà ni mo ní,
àádọ́ta náírà, kí n má sì ṣẹ́ etí rẹ̀.

Mo kọ orúkọ àwọn kọmíṣọ́nnà sí àtẹ́lẹwọ́.
Bàbá Ọbasaju, akọ̀wé ìjọba ìgbà kan, pè láti orí bẹ́ńṣì:
"Ta ni ti ètò omi?"
Mo dáhùn wàrà.
Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀kun o, ọmọ mi.
Wọ́n yọ ọ́ lálẹ́ àná. Wo ojú ewé kẹta."

Mo fi itọ́ pa á rẹ́.

Ọ̀la ni ìdánwò, ní Lọ́kọ́ja.
Ẹ̀rọ omi àdúgbò wa gbẹ láti ọdún tó kọjá.
Wọn ò ní bi mí ní ìyẹn.