Síkúrù Kẹta

Mẹ́ta ni síkúrù tó de ẹ́ńjìnnì náà mọ́lẹ̀.
Ọ̀kan wà níwájú, ó ń wojú ẹni bí ọmọ tí kò purọ́ rí.
Èkejì wà lẹ́yìn, lábẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀.
Ẹ̀kẹta, áà,
ẹ̀kẹta wà ní kọ̀rọ̀, láàárín mọ́tò àti òjé tó mú ọkọ̀ wúwo,
níbi tí ìmọ́lẹ̀ gan-an ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn kó tó wọlé.

Ní òkè àjà ilé wa ní Chur
ni ọkọ̀ ojú irin kékeré pupa náà kú sí,
lẹ́nu ihò òkè tí bàbá àgbà fi páálí mọ.
Duri Caviezel, ẹni tó fi ọdún méjìdínlógójì
tún bíréèkì ọkọ̀ gidi ṣe lójú irin Arosa,
dúró ti ohun tí gígùn rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.
"Ladina," ó ní, "wá bá mi wò ó."

Mo da gbogbo sikudiráfà inú àpótí sórí tábìlì.
Eléèkù ewé gùn jù, ìdí rẹ̀ ń kọ́ ara ọkọ̀.
Kúkúrú inú wọn sanra bí ẹni tó jogún.
Èyí tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ kàn án lórí,
ṣùgbọ́n kò ráyè yí.
Ká débẹ̀, ọ̀tọ̀ ni.
Ká débẹ̀ ká tún ráyè yí, ọ̀tọ̀ ni.
Ọwọ́ mi tó pẹpẹ, ọwọ́ bàbá àgbà tó pẹpẹ;
kèrègbè yìí ni kò gba ẹnikẹ́ni wa.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ẹrù,
síbi tí kẹ̀kẹ́ ìyá àgbà fara ti ògiri.
Sípóòkù kan ti já lára rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.
Mo gé e ní ìwọ̀n ìka kan,
mo fi òòlù lu orí rẹ̀ méjèèjì pẹlẹbẹ,
mo pọ́n ọn lórí òkúta títí ó fi fẹ́lẹ́ bí èékánná,
mo wá fi iná tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún, tẹ̀ ẹ́ lósì:
orí kan dùbúlẹ̀, orí kejì dúró.
Bí èyí bá yí síkúrù díẹ̀ tó kọ́ ògiri,
èyí á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo fi ìda àbẹ́là díẹ̀ kan ẹnu rẹ̀,
kí ohun tí a bá tú má baà bọ́ sínú lọ.

Díẹ̀. Yí i padà. Díẹ̀.
Yìnyín ń bọ́ lára fèrèsé.
Díẹ̀.
Bàbá àgbà ò mí.
Síkúrù kẹta jáde, ó lẹ̀ mọ́ ìda bí eṣinṣin tó mu oyin yó.

A ṣí i.
Mọ́tò kò jó. Wáyà kò já.
Irun kan ni,
funfun, gígùn,
tó lọ́ mọ́ ọ̀pá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bí òwú lára kẹ̀kẹ́ ìrànwú.

Mengia.
Òun ló máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì àtíkè rẹ̀
gbọn eruku kúrò lórí òkè páálí wọ̀nyẹn,
tá á tẹ̀ síwájú, tá á máa kùn pé
ìlú yìí ò lẹ́nìkan ṣoṣo tó ń gbálẹ̀ àfi òun.
A sin ín nínú oṣù kejì.
Irun ló dá irin dúró.

Bàbá àgbà kò sunkún.
Ó ní ìda mi pọ̀ jù.
Ó ní ta ló kọ́ mi láti tẹ sípóòkù báyìí.
Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ tó ń gbọ̀n,
ó gba irun, ó ká a mọ́ ọrùn síkúrù kẹta.
"Dá a padà síbẹ̀."
"Á tún há, bàbá."
"Kò ní há. Ohunkóhun kì í yí níbẹ̀."

Mo dá a padà. Díẹ̀, díẹ̀.
Ọkọ̀ gbọ̀n, ó ronú, ó wọ inú ihò,
bàbá àgbà sì gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sójú,
ó ń bínú: "Ó pẹ́, wò ó, ó fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin pẹ́."