Ìyá Tí Yóò Pọn Iná

Òtútù Oulu mú bí abẹ lóṣù Èrèlé,
síbẹ̀ Pirkka ṣí fèrèsé yàrá rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu.
Ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ ni ooru ń mú,
èyí tí ó ń lé kọjá eré tí wọ́n dá mọ́ ọn,
tó kú pì lálẹ́ àná.
Pátákó ìyá ló jóná. Òórùn rẹ̀ ṣì wà nínú kọ́tìnì.

Méjì ló wà lórí káńtà Kyösti.
Ọ̀kan ń tàn bí òṣùmàrè, ó ń ṣẹ́jú síni;
ìkejì dúdú, ó wúwo, kò rẹ́rìn-ín sẹ́nikẹ́ni.
Owó Pirkka ò ká ju ẹyọ kan. Ojú rẹ̀ wà lára òṣùmàrè.

Hilkka, ìyá ìyá rẹ̀, bọ́ ìbọ̀wọ́.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi so wáyà nílé iṣẹ́ pépà.
Ó gbé méjèèjì wò látẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń ra ẹja,
ó fi èékánná kan irin tí yóò máa gba ooru sára.
"Ẹ pè é ní ìyá, ẹ wá ń wá ẹwà.
Ọmọ tó gbóná báyìí, ẹ̀yìn tó le ni ẹ fi pọ̀n ọ́n.
Ta ló ń so àtùpà mọ́ ọ̀já?"

Aago mẹ́ta òru. Nọ́ńbà ń gòkè,
dúdú yẹn ò mì.
Ẹnìkan ṣá ń wúkọ́ ní yàrá kejì.
Pirkka dìde, ó ti fèrèsé.
Nọ́ńbà já díẹ̀.
Ó jẹ́ kó já.