Etí Lórí Irin

Agogo méjì òru, nínú yàrá wa ní Òkè-Baálẹ̀,
iná lọ, kò dágbére.
Mo fi fóònù ṣe àtùpà, mo tún fi ṣe olùkọ́.
Mo ki okùn rẹ̀ bọ etí,
ọkàn ẹni tí n kò mọ̀ ń lù fún mi láti ìlú tí n kò dé rí:
gbì-dì, gbì-dì, ó mọ́ gaara bí omi inú tánganran.
Bí kò bá yé mi, mo dá a padà sẹ́yìn.
Kì í bínú. Kì í wo aago.
Kí oṣù tó parí, mo ti gbọ́ igba ọkàn,
n kò sì tíì fọwọ́ kan àyà ẹnikẹ́ni.

Dókítà Oyèwùsì kò gba irú èyí.
Ẹfun ìkọ̀wé ni tirẹ̀, gbogbo etí ṣòkòtò rẹ̀ ló funfun.
Ẹ̀ẹ̀kan ló ń sọ̀rọ̀, ó sì máa ń yá;
bó o bá sín, o ti pàdánù kíndìnrín.
"Ẹ̀yin ọmọ fóònù," ló máa ń wí,
"ẹ mọ ìró ọkàn, ẹ ò mọ ẹni tó ni ọkàn."
A rẹ́rìn-ín sínú.
Mùtíátù tiẹ̀ ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó kó wa dé bẹ́ẹ̀dì kọkànlá,
sọ́dọ̀ Bàbá Ṣíttù Rélùweè,
ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ju àsíá sí ọkọ̀ ojú irin
níbùdó Òṣogbo níhìn-ín.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí.
Ìjókòó ló ń sùn; bó bá dùbúlẹ̀,
omi a fẹ́ gbé e lọ lórí bẹ́ẹ̀dì, láìsí odò nítòsí.

"Ìwọ, gbọ́ ọ."
Mo bọ́ okùn ọrùn mi, mo ki í bọ etí,
mo gbé ojú irin rẹ̀ lé bàbá láyà.
Kí ni mo gbọ́?
Irun àyà tó ń ha, ọmọ tó ń ké ní wọ́ọ̀dù kejì,
jẹnẹrétọ̀, ọwọ́ èmi fúnra mi tó ń gbọ̀n.
Mo wá ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó padà sẹ́yìn, n kò rí i.

Bàbá ló ṣàánú mi.
"Ọmọ mi, ṣé o ti gbé etí lé ojú irin rí?
Bí tẹlifóònù ọ́fíìsì bá kú, mo máa ń kúnlẹ̀ sórí òkúta,
mà á gbé etí lé irin, mà á sé èémí.
Ariwo ara rẹ lo máa kọ́kọ́ gbọ́.
Jẹ́ kó kọjá lọ bí ọkọ̀ ẹrù.
Lẹ́yìn náà ni wà á gbọ́ ọkọ̀ tó ṣì wà ní Ìkìrun."
Dókítà ní Ìkìrun ti jìnnà jù.
Bàbá ní ta ló ṣiṣẹ́ rélùweè nínú àwọn méjèèjì?

Mo sé èémí. Mo jẹ́ kí tèmi kọjá.
Ó wá dé: ẹsẹ̀ mẹ́ta níbi tó yẹ kó jẹ́ méjì,
bí ẹṣin tó ti rẹ̀ tí wọn ò jẹ́ kó sinmi.
Mo mọ̀ ọ́n! Òru Òkè-Baálẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n.
Mo dárúkọ rẹ̀ kí Dókítà tó la ẹnu.

Kò yìn mí. Ó mú ìka mi, ó fi kan ẹ̀yìn bàbá
bí ìyá mi ṣe ń kan kẹ́ẹ̀gì láti mọ ibi tí epo dé:
òkè ń dún, ìsàlẹ̀ dákẹ́ bí ògiri.
Ibẹ̀ ni omi wà. Kò sí fóònù tó kan ìka mi mọ́ ọn rí.

Nírọ̀lẹ́, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn.
Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.
"Etí mi yìí ti ń kú láti ọdún mẹ́rin.
N kò gbọ́ ẹsẹ̀ kẹta yẹn. Ìwọ ni mo gbà gbọ́.
Mú fóònù ọ̀hún wá."
Ó di ojú, ó fetí sí i.
"Dá a padà sẹ́yìn."
Mo dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Nígbà tó fún mi ní fóònù mi,
àtẹ̀ka ẹfun wà lójú rẹ̀.
N kò tíì nù ún.