Iná Mẹ́rin Níwájú Ọkọ̀

Bàbá mi ló ní ọ̀nà Ìjàyè ti ń ṣú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.
Ó ní iná pikọ́ọ̀pù wa ló ti darúgbó,
pé ó ń ṣe bí fìtílà tí epo ń tán nínú rẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló fi taya ọ̀tún gun òkìtì yanrìn,
pákí àpò mẹ́ta fọ́n ká títì ní Mọ́níyà.
Ó ní ẹni tó da yanrìn síbẹ̀ ló jẹ̀bi.
Mi ò bá a jiyàn.

Bá a ṣe dé Géètì nìyẹn, lọ́jọ́ Alàmísì,
lọ́dọ̀ Tìámíyù rewáyà,
tí èékánná rẹ̀ kì í mọ́ àfi lọ́jọ́ Iléyá.
Ó fìka lu bọ́ńpà, ó tẹ́tí sí i
bí ẹni ń yẹ ìkòkò wò kó tó sanwó.
"Irin ni. Irin á gbà á. Ti ike ni kì í gbà."
Ó wọn ọ̀tún, ó wọn òsì, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì,
dírííìlì han gooro,
ìyẹ̀fun irin ń dà sórí bàtà rẹ̀.
Sípánà bọ́ sábẹ́ ọkọ̀,
Làmídì ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rá wọlé tọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ nìkan la rí.

Iná mẹ́rin, ribiti, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìdérí ìkòkò ọbẹ̀.
Wáyà pupa lọ bá bátìrì, dúdú lọ bá ara irin.
Mo ní, "Fíúsì ńkọ́?"
Ó wò mí látòkè délẹ̀.
"Àǹtí, láìsí fíúsì, láìsí rílè,
iná tẹ́ ẹ rà láti fi ríran ni yóò sun yín mọ́nú ọkọ̀."
Bàbá wà lórí taya tó fi ṣe àga:
"Kó má wojú ọ̀run o. Èmi ò wá ìràwọ̀.
Kó tẹríba díẹ̀,
kí ẹni tó ń bọ̀ níwájú má baà ṣẹ́ wa lépè."

Tìámíyù ní ọ̀sán kì í jẹ́ ká mọ ìwọ̀n iná.
A dúró.
Wọ́n kírun Màgàríbì tán,
ó kọjú ọkọ̀ sí ògiri,
ó tẹ súìsì.

Ọ̀sán tún padà.
Mo lè ka bíríkì. Mo rí ihò aláǹgbá,
mo rí ẹyinjú ewúrẹ́ kan, ó tutù bí ewé,
mo rí ohun tẹ́nìkan fi ẹ̀dú kọ:
Ẹ MÁ TỌ̀ SÍBÍ, NÍTORÍ ỌLỌ́RUN.
Làmídì fọwọ́ bojú.
Bàbá mi kọjú sí iná náà gbàgàdà, kò ṣẹ́jú.
Ó ní, "Ṣé ẹ ti tàn án?"

Tìámíyù bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà tí kò sí ní kíká.
Ewúrẹ́ bá tiẹ̀ lọ.
Mo ní, "Ó kù díẹ̀, Bàbá,"
mo sì na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́.
Kò bi mí nídìí.

A kọjá Òjòó, a kọjá Mọ́níyà,
ilé tán, igbó bẹ̀rẹ̀.
Ó fẹ̀gbẹ́ orí ti ilẹ̀kùn.
"Kòtò ń bẹ lósì, lẹ́yìn igi iṣin."
Iná ò tíì débẹ̀.
"Rọra. Afárá yẹn ti sán lápá ọ̀tún."
Iná ò tíì débẹ̀.
Mo rọra. Afárá yọ. Ó sán lápá ọ̀tún.

"Àbẹ̀ní," ó ní, "iná yìí mà dáa o."
Mo ní ó dáa.